Ìtanràn Eré Àsápajúdé: Ẹ̀mí Ni Ó Ń Dáàbò Bò Ni, Àbí Owó Ni Ó Ń Pa?

Láàárín àwọn awakọ̀ tí ń ná ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, àti àwọn tí ń gba Mopà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ kọjá sí Ìlọrin, èrò kan wà tí kò sí ẹni tí ń jiyàn rẹ̀ mọ́ ní gáréèjì: pé owó ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń wá nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tí ń wọn eré jáde. Àjọ tí ó ni iṣẹ́ náà kì í sì yé sọ ní tirẹ̀ pé ẹ̀mí ni òun ń dáàbò bò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì lè fi ohun tí ẹ̀ṣọ́ kan ní lọ́kàn mọ èwo ni ó jẹ́. Ibi tí ó dúró sí, ọ̀nà tí owó gbà kúrò lọ́wọ́ awakọ̀, àti àpò tí owó náà wọ̀ ni ẹ̀rí tí ènìyàn lè fi ojú rí.

Ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin tí ó ń lò lónìí jẹ́ ti ọdún 2007, ìlànà ìrìnnà tí a sì fi kún un jẹ́ ti 2012. Ìwọ̀n eré tí òfin fàyè gbà kò rí bákan náà fún gbogbo ọkọ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú, kò gbọdọ̀ kọjá 80 ní ọ̀nà tí ó já láti ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kọjá 100 ní títì márosẹ̀ tí a pín sí méjì. Tákísí àti bọ́ọ̀sì ní 50, 80 àti 90. Tánkà àti trélà ni òfin fún mọ́ jù: 45, 50 àti 60. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ Yorùbá tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí, kì í kà sí ni pé títì tí ó la ilẹ̀ wọn já kì í ṣe títì márosẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, tí ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ jọ ń pín. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sá 100 láti Ìyàrà lọ sí Mopà, tí ó sì gbàgbọ́ pé òun wà lábẹ́ òfin, ti fi 20 ré òfin kọjá. Trélà tí ó bá kó sìmẹ́ńtì jáde ní Ọ̀bàjànà kò gbọdọ̀ kọjá 50 lójú ọ̀nà kan náà. Kò ṣòro láti rí iye trélà tí ó ń pa èyí mọ́.

Ìdí tí òfin fi le báyìí wà nínú bí ọkọ̀ ṣe ń dúró. Ẹni tí ó ń sá 50 ń rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú àáyá kan náà sì ni ó sábà máa ń gbà kí ojú tó rí ohun tí ó wà níwájú, kí ọkàn tó gbà á, kí ẹsẹ̀ sì tó dé orí bíréèkì. Lẹ́yìn èyí, bí ọ̀dà bá gbẹ tí táyà sì dára, ọkọ̀ yóò tún rin bíi mítà 14 kí ó tó dúró pátápátá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 28. Ní 80, àpapọ̀ náà di bíi mítà 58. Ní 100, ó di bíi mítà 84, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti 50, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlọ́po méjì péré ni eré náà fi pọ̀ sí i. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára inú ọkọ̀ náà, èyí tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa, di ìlọ́po mẹ́rin. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Trélà tí ẹrù kún inú rẹ̀ nílò ju èyí lọ, ọ̀dà tí òjò sì ti rin tún ń fi kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí eré tí gbogbo ọkọ̀ ń sá lójú ọ̀nà kan bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàǹbá tí ń pa ènìyàn yóò fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Àjọ kan náà sọ pé ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn tí ọkọ̀ bá gbá ní 65 wà nínú ewu ikú tí ó tó ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ ti ẹni tí a gbá ní 50. Láwọn ìletò tí títì kọjá láàárín wọn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sá ẹ̀gẹ́ sí etí ọ̀dà, tí àwọn ọmọ iléèwé sì ń sọdá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àlàfo láàárín 50 àti 65 yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Ohun kan wà nípa ilẹ̀ yìí tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kòtò ni ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ọ̀nà tí ó bàjẹ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn sáré, bí ó tilẹ̀ ń ba ọkọ̀ jẹ́ tí ó sì ń fún àwọn adigunjalè láyè. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Dangote da kọnkéré sí ọ̀nà Ọ̀bàjànà sí Kàbà, kìlómítà 43, lábẹ́ àdéhùn pé ìjọba yóò yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó orí tí ó yẹ kí ó san, gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó bá tẹ́jú máa ń ti awakọ̀ lẹ́yìn ni. Ọkọ̀ tí kò lè kọjá 40 nínú kòtò lè sá 120 lórí kọnkéré, awakọ̀ náà kò sì ní í mọ̀ ọ́n lára títí màlúù tàbí ọ̀kadà yóò fi já sí títì láti inú igbó. Nígbà tí a bá tún ọ̀nà ṣe láì ṣètò bí a ó ṣe máa ṣọ́ eré orí rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ náà ni a ṣe.

Ẹ̀rọ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbé dání máa ń ju ìgbì tí ojú kò rí sí ara ọkọ̀ tí ń bọ̀. Nígbà tí ìgbì náà bá ta padà, ẹ̀rọ yóò fi bí ó ṣe yí padà ṣírò bí ọkọ̀ ṣe ń yára tó. Bí ẹ̀ṣọ́ bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì dípò kí ó kọjú sí ọkọ̀ gan-an, iye tí ẹ̀rọ náà ń kà máa ń dín díẹ̀ sí eré tí ọkọ̀ ń sá lóòótọ́, tí ó túmọ̀ sí pé awakọ̀ ni ìdúró bẹ́ẹ̀ ń gbè. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ wá láti ibòmíràn: bí ọkọ̀ méjì bá jọ ń bọ̀, tí trélà ńlá wà lẹ́yìn ọkọ̀ kékeré, ẹ̀rọ lè ka èyí tí ó tóbi, kí ẹ̀ṣọ́ sì dá èyí tí ó wà níwájú dúró. Ẹ̀rọ tí a kò yẹ̀ wò lásìkò náà lè ṣì í kà. Nítorí náà, awakọ̀ tí ó bá ní kí a fi iye tí ẹ̀rọ kà han òun kò ṣe àfojúdi sí ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ̀sùn bá dúró, ìwé ẹ̀sùn ni ó yẹ kí ẹ̀ṣọ́ kọ. Nínú àtẹ ìtanràn àjọ náà, ₦3,000 ni a kọ sí iwájú eré àsápajúdé, pẹ̀lú àmì ìjìyà 3 tí ń wọ àkọsílẹ̀ ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Bí àmì wọ̀nyí bá sì pọ̀ tó, a lè gba ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí ó bá rò pé òun kò jẹ̀bi lè mú ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Báńkì tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń san owó náà, àpò ìjọba àpapọ̀ ni ó sì ń wọ̀. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tí òfin fún láṣẹ láti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ lójú títì.

Bí a bá fi ìwé òfin nìkan dá a, ẹ̀sùn pé owó ni wọ́n ń wá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ púpọ̀: kì í ṣe àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró ní ẹ̀bá Kàbà ni ó ń ná owó náà, ₦3,000 kò sì tó owó epo tí bọ́ọ̀sì kan ń jó láti Lọ́kọ́ja dé Ẹ̀gbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé òfin ni awakọ̀ ń bá pàdé. Ká ní awakọ̀ kan ń sá 110, wọ́n dá a dúró, ó sì fi ₦1,000 sínú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó nà án sí wọn, wọ́n sì ní kí ó máa lọ. Ìjọba kò rí nǹkan kan gbà. Àmì ìjìyà kò wọ àkọsílẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́dún ṣì jẹ́ aláìlẹ́ṣẹ̀ nínú ìwé. Awakọ̀ sì ti mọ iye tí eré àsápajúdé ń ná ènìyàn, yóò kà á mọ́ owó epo, yóò sì bu díẹ̀ lé owó ọkọ̀ kí àwọn èrò lè bá a san án. Owó ẹ̀gúnjẹ kò pa owó wọlé fún ìjọba, kò sì dáàbò bo ẹ̀mí. Ìdáhùn kẹta tí àwọn tí ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbàgbé nìyẹn, èmi sì rò pé òun ni ó wọ́pọ̀ jù.

Ohun tí ó tún da ojú ọ̀rọ̀ rú ni pé awakọ̀ kì í ya aṣọ sọ́tọ̀. Láàárín Lọ́kọ́ja àti Ẹ̀gbẹ̀, ó lè bá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó pàdé, kí ó bá ọlọ́pàá, kí ó bá ayẹ̀kọ̀wò ti ìpínlẹ̀, kí ó sì tún bá àwọn ọmọkùnrin tí ó mú rìsíìtì ìjọba ìbílẹ̀ dání. Ìkan ṣoṣo nínú wọn ni ẹ̀rọ tí ń wọn eré wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn ni ó ń gba orúkọ kan náà ní gáréèjì.

Nílẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní Bìrìtìkó, láti nǹkan bíi 2000, ìjọba gba àwọn agbègbè láyè láti mú owó kámẹ́rà padà láti inú owó ìtanràn tí kámẹ́rà bá pa. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ẹ̀rọ ìpawó ni wọ́n gbé kalẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí orísun omi tí ó ń mu. Ìjọba fi í sínú ìlànà ètò náà pé kí a kun kámẹ́rà ní àwọ̀ ìyeyè kí ojú lè rí i láti òkèèrè, nígbà tí ó sì di 2007, ó já okùn tí ó so owó mọ́ kámẹ́rà. Síbẹ̀, kámẹ́rà náà ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò ńlá kan tí ẹgbẹ́ Cochrane gbé jáde ní 2010 kó ìwádìí 35 jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. 28 nínú wọn ka iye ìjàǹbá, gbogbo 28 yìí ni ó sì rí i pé ìjàǹbá dín kù níbi tí kámẹ́rà wà.

Láti inú èyí ni a ti lè fa ìwọ̀n kan yọ. Ìṣọ́ tí ń wá ẹ̀mí fẹ́ kí owó ìtanràn dín kù lọ́dọọdún, nítorí pé ẹni tí kò sáré kò ní ohun tí yóò san. Ìṣọ́ tí ń wá owó nílò ẹlẹ́ṣẹ̀ tuntun ní àràárọ̀, yóò sì fi ara pamọ́ sẹ́yìn igi mángòrò ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti máa ń yára fúnra rẹ̀, tí ìjàǹbá kò sì ṣẹlẹ̀ rí. Ibi tí a bá ti rí ẹ̀ṣọ́ ní gbangba, ní ẹnu ìlú tàbí níwájú iléèwé, lẹ́yìn síbọ́ọ̀dù tí ó sọ iye eré kedere, a mọ iṣẹ́ tí ó wá ṣe. Ọ̀pọ̀ ìletò lójú ọ̀nà yìí ni kò ní síbọ́ọ̀dù kankan, àjèjì tí ń gba ibẹ̀ kọjá kò sì ní mọ ibi tí 80 parí sí tí 50 ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣòro láti pe ìtanràn tí a gbà nírú ibẹ̀ ní ìdáàbòbò.

Láti oṣù Kẹwàá 2016, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù láti ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá iye eré kan. Ó yẹ kí èyí pa àríyànjiyàn owó rẹ́, nítorí ọkọ̀ tí kò lè sá ju 90 kò lè jẹ gbèsè 110. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn onímọ́tò yí ìbéèrè padà: ta ni ń ta ẹ̀rọ náà?

Eré nìkan kọ́ ni ó sì ń pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2020, ní Felele ní Lọ́kọ́ja, bíréèkì tánkà epo kan já, ó forí sọ àwọn ọkọ̀ mìíràn, iná sì jó ohun tí ó lé ní ogún ènìyàn pa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Ẹ̀rọ tí ń wọn eré lè sọ pé tánkà ń sáré, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé bíréèkì rẹ̀ ti jẹ tán. Ayẹ̀kọ̀wò tí ó bá yọ́ wo abẹ́ ọkọ̀ ni ó lè sọ ọ́, owó tí ó sì wà nínú yíyẹ abẹ́ tánkà wò kò tó èyí tí ó wà nínú dídá bọ́ọ̀sì dúró.

Àwọn ará ìletò ti dáhùn ìbéèrè náà lọ́nà tiwọn. Níbi tí ọkọ̀ bá ti pa ọmọ, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n á dáwó, wọ́n á ra sìmẹ́ńtì, wọ́n á sì mọ bọ́ǹpù sí títì. Bọ́ǹpù kì í gba ẹ̀gúnjẹ, kò ní àtẹ ìtanràn, ó sì ń ṣiṣẹ́ lóru nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ti lọ sílé. Àléébù rẹ̀ ni pé bí wọn kò bá fi ọ̀dà funfun kùn ún, tí kò sì sí àmì níwájú rẹ̀, ọlọ́kadà tí ń bọ̀ lókùnkùn kò ní rí i títí yóò fi gbé e ṣánlẹ̀, trélà tí ó sì tẹ bíréèkì lójijì nítorí rẹ̀ lè dojú dé sínú ìletò tí wọ́n mọ ọ́n fún. Gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan àti síbọ́ọ̀dù méjì, ìkan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ni ó kù kí bọ́ǹpù tó pé. Ìjọba ìbílẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì tọ́ sí, àwọn náà tí rìsíìtì wọn kì í tán lójú ọ̀nà.