Bí Àdírẹ́ẹ̀sì IP àti VLAN Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Sáfà Cloud Aládàáni Kékeré

Ká ní ilé ìwòsàn aládàáni kan wà ní Ògo-Olúwa, l'Óṣogbo. Wọ́n ra sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, wọ́n fẹ́ kó máa tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn, kó máa gba àwòrán kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, kó sì gbé sọ́fítíwíà ìṣirò owó ró. Nínú sáfà kan yìí ni wọ́n ti máa dá kọ̀ǹpútà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò ṣeé fojú rí sílẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní VM. Cloud aládàáni nìyẹn. Bí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀ tán, iṣẹ́ tó kù ni láti pinnu ta ni yóò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà wo ni yóò gbà, àti ta ni kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

Àdírẹ́ẹ̀sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti VLAN, ìyẹn ìpín tí a fi ń ya àwọn ẹ̀rọ sọ́tọ̀ síra wọn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣètò àdírẹ́ẹ̀sì lónìí, tí wọ́n á ní VLAN di ìgbà tí ọ́fíìsì bá gbòòrò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé, torí ètò kan náà ni méjèèjì. Orí ìwé ló yẹ kí wọ́n ti jọ parí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà.

Àdírẹ́ẹ̀sì IPv4 jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin tí dọ́ọ̀tì pín níyà, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì wà láàárín 0 sí 255. Gbogbo èyí tó lè wà láyé kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ, kò sì lè kárí gbogbo ẹ̀rọ tó wà. Ìdí nìyẹn tí RFC 1918, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan tó jáde ní oṣù Èrèlé ọdún 1996, fi ya ìsọ̀rí mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé: láti 10.0.0.0 dé 10.255.255.255, láti 172.16.0.0 dé 172.31.255.255, àti láti 192.168.0.0 dé 192.168.255.255. Ẹnikẹ́ni ló lè lò wọ́n láìtọrọ lọ́wọ́ AFRINIC, àjọ tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún ilẹ̀ Áfíríkà, àmọ́ wọn kò ṣeé dé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba. Bíi yàrá inú agboolé ni wọ́n rí. Ará ilé mọ ẹni tó ń gbé yàrá kejì lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n àlejò tó ń ti Iléṣà bọ̀ kò lè fi ìyẹn nìkan wá ilé. Orúkọ agboolé ló máa fi béèrè. Router, ẹ̀rọ tó so ilé mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń fi àdírẹ́ẹ̀sì gbangba kan rọ́pò gbogbo ti inú ilé nígbà tí páákẹ́ẹ̀tì (ègé ìsọfúnni tó ń rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) bá ń jáde, tó sì ń rántí ẹni tó ni èsì nígbà tí ó bá padà wọlé. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní NAT.

Èwo ni kí èèyàn mú nínú ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Router tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì bá gbé wá sábà máa ń lo 192.168.0 tàbí 192.168.1, ó sì rọrùn láti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò dáa. Dókítà tó bá fẹ́ ti ilé rẹ̀ ní Òkè-Fìà wọ sáfà nípasẹ̀ VPN (ọ̀nà aládàáni tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì), ó ṣeé ṣe kí router ilé tirẹ̀ náà máa lo 192.168.1. Bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá wá ń wá 192.168.1.5, inú ilé tirẹ̀ níbẹ̀ ni yóò ti máa wá a, kò ní gba ọ̀nà VPN lọ síbì kankan. Nọ́ńbà tí kò wọ́pọ̀ nínú ìsọ̀rí 10 ló sàn, bíi 10.20. Kí wọ́n yẹra fún 172.17 pẹ̀lú, torí òun ni Docker, sọ́fítíwíà kan tí wọ́n fi ń gbé ètò ró, máa ń mú fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá gbé e sórí VM.

VLAN wá ńkọ́? Switch ni àpótí tí wáyà gbogbo ẹ̀rọ ti ń pàdé. Èyí tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wáyà tó ń bọ̀ láti yàrá dókítà àti èyí tó ń bọ̀ láti ara kámẹ́rà tó wà lára ògiri níta. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá ti so mọ́ ọn, ìta gbangba kan náà ni wọ́n jọ wà: bí ọ̀kan bá pariwo, gbogbo wọn ló ń gbọ́. Ẹni tó bá yọ wáyà kámẹ́rà tó fi í sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti wà lójú kan náà pẹ̀lú sáfà. Managed switch, ìyẹn èyí tó ṣeé tò, lè pín ara rẹ̀ sí switch mélòó kan tí wọn kò mọ ara wọn, ìlànà tó sì ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣe é ni IEEE 802.1Q, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1998. Ó máa ń fi àmì tó jẹ́ báìtì 4 sínú ohun tó ń kọjá lórí wáyà, nọ́ńbà VLAN sì wà nínú àmì náà. Bíìtì 12 ni àyè tí nọ́ńbà yìí ní, ìyẹn 4096. 0 àti 4095 kò ṣeé lò, nítorí náà 4094 ló kù. Ilé ìwòsàn wa ò nílò ju márùn-ún lọ.

Port, ìyẹn ihò tí wáyà ń wọ̀ lára switch, pín sí oríṣi méjì pàtàkì. Access port jẹ́ ti ẹ̀rọ tí kò mọ ohunkóhun nípa VLAN, bíi kọ̀ǹpútà orí tábìlì tàbí kámẹ́rà: switch fúnra rẹ̀ ló ń fi àmì sí i bí ó ṣe ń wọlé, tó sì ń bọ́ àmì náà kúrò bí ó ṣe ń jáde. Trunk port ń gbé VLAN púpọ̀ pọ̀ lórí wáyà kan ṣoṣo, àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì wà lára rẹ̀. Wáyà tó lọ sí router àti èyí tó lọ sí sáfà gbọ́dọ̀ jẹ́ trunk.

Ètò tó rọrùn jù lọ láti rántí ni kí nọ́ńbà VLAN àti nọ́ńbà kẹta inú àdírẹ́ẹ̀sì jẹ́ ọ̀kan náà. VLAN 10 fún ìṣàkóso sáfà, switch àti router, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ 10.20.10.0/24. VLAN 20 fún àwọn òṣìṣẹ́, 10.20.20.0/24. VLAN 30 fún àwọn VM, VLAN 40 fún kámẹ́rà, VLAN 50 fún Wi-Fi àwọn tó ń dúró de dókítà. /24 túmọ̀ sí pé nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ dúró gbọin, ìkẹrin nìkan ló ń yí padà. Nínú 256 tó wà níbẹ̀, 254 ló ṣeé fún ẹ̀rọ, torí 0 jẹ́ orúkọ agbègbè náà, 255 sì jẹ́ ìpè sí gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Nínú VLAN kọ̀ọ̀kan, .1 jẹ́ ti router, .2 sí .49 fún ohun tí kò gbọ́dọ̀ yí padà, DHCP, ètò tó ń fún ẹ̀rọ ní àdírẹ́ẹ̀sì láìfọwọ́ tò ó, á sì máa pín .100 sí .199. Ẹni tó bá rí 10.20.40.7 nínú àkọsílẹ̀ lóru á ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kámẹ́rà ni, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìwé kiri.

Ibi tó máa ń dí mọ́ àwọn ènìyàn lójú jù ni ibi tí wáyà trunk ti wọ inú sáfà, torí láti ibẹ̀ lọ, switch míì wà nínú sáfà tí ojú kò rí. Lórí Proxmox, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń dá VM sílẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Debian (oríṣi Linux kan), bridge ni wọ́n ń pè é, orúkọ rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ vmbr0. Bí ètò wa ṣe máa rí nínú fáìlì /etc/network/interfaces rèé:

```
auto lo
iface lo inet loopback

iface eno1 inet manual

auto vmbr0
iface vmbr0 inet manual
    bridge-ports eno1
    bridge-stp off
    bridge-fd 0
    bridge-vlan-aware yes
    bridge-vids 2-4094

auto vmbr0.10
iface vmbr0.10 inet static
    address 10.20.10.5/24
    gateway 10.20.10.1
```

Ẹ wo eno1, ìyẹn ojú ihò tí wáyà gan-an wọ̀. Kò ní àdírẹ́ẹ̀sì kankan. vmbr0 náà kò ní. Àdírẹ́ẹ̀sì sáfà wà lórí vmbr0.10 nìkan, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tí kò bá sí nínú VLAN 10 kò lè bá sáfà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Ìlà tó ní bridge-vlan-aware ló jẹ́ kí bridge náà mọ àmì VLAN kà. Láìsí i, ètò tí a tò yìí kò ní ṣiṣẹ́. Ní ti àwọn VM, nọ́ńbà VLAN ni wọ́n máa kọ sí ibi tí wọ́n ti ń tò káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn lórí ojú ewé Proxmox. VM tó ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn gba 30, wọ́n sì fún un ní 10.20.30.10 nínú lọ́hùn-ún, gateway rẹ̀, ìyẹn router tó máa gbà jáde, 10.20.30.1. VM náà ò mọ̀ pé VLAN kankan wà láyé. Bridge ló ń bá a fi àmì sí i.

Bí wọ́n bá ń yí fáìlì yìí padà láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n lè ti ara wọn síta. Switch ni kí wọ́n kọ́kọ́ tò, kí sáfà tó tẹ̀ lé e, kí kíbọ́ọ̀dù àti mọ́nítọ̀ sì wà lára sáfà lọ́jọ́ náà kí àṣẹ ifreload -a (èyí tó ń mú ìyípadà inú fáìlì náà ṣiṣẹ́) tó jáde lọ́wọ́. Ó tún dáa gan-an kí port kan lórí switch, bíi 24, wà gẹ́gẹ́ bí access port VLAN 10, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ohunkóhun sí i. Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá dojú rú, láptọ́ọ̀pù tí wọ́n bá kì bọ port yẹn á rí router àti switch.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé VLAN nìkan kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Router ní ẹsẹ̀ kan nínú VLAN kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gbé páákẹ́ẹ̀tì láti ọ̀kan sí èkejì. Bí kò bá sí òfin firewall, ìyẹn òfin tó ń sọ ohun tó lè kọjá àti èyí tí kò lè kọjá, ẹni tó jókòó pẹ̀lú fóònù lórí Wi-Fi àlejò lè tẹ 10.20.10.5 kó sì bá ojú ewé Proxmox pàdé lórí port 8006 (níbí, port jẹ́ nọ́ńbà ilẹ̀kùn iṣẹ́ kan nínú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ihò ara switch). Nítorí náà, kí òfin àkọ́kọ́ jẹ́ pé VLAN kankan kò gbọ́dọ̀ dé òmíràn, kí wọ́n wá máa ṣí ilẹ̀kùn lẹ́yọ lẹ́yọ. Àlejò lè jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, ó parí. Òṣìṣẹ́ lè dé VM inú VLAN 30 lórí port 443. Kámẹ́rà lè dé VM tó ń gba àwòrán sílẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. VLAN 10 nìkan ló lè dé port 8006 àti 22, tí wọ́n fi ń ṣàkóso sáfà. Èsì ohun tí wọ́n ti gbà láyè ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbéèrè á lọ, kò sì ní sí ìdáhùn. Àkọsílẹ̀ àìsàn ènìyàn ló wà nínú sáfà yìí, ó sì tọ́ kí ẹni tó ń tò ó fi ọwọ́ pàtàkì mú òfin kọ̀ọ̀kan.

Ní ti wíwọlé láti ìta, kí wọ́n kọ́kọ́ wo àdírẹ́ẹ̀sì tí router gbà lójú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá bọ́ sáàárín 100.64.0.0 àti 100.127.255.255, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti kó àwọn oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì gbangba kan, kò sì sí bí port forwarding (kí router darí ìbéèrè láti ìta sí ẹ̀rọ inú ilé) ṣe lè ṣiṣẹ́. Kí wọ́n sanwó fún àdírẹ́ẹ̀sì gbangba tiwọn, tàbí kí router fúnra rẹ̀ jáde lọ bá sáfà kékeré kan tó ní àdírẹ́ẹ̀sì gbangba níbòmíràn, pẹ̀lú WireGuard, oríṣi VPN kan. Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, kí ojú ewé Proxmox má ṣe hàn sí íntánẹ́ẹ̀tì tààrà láé.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná ìjọba àpapọ̀ fún gbogbo Nàìjíríà wà, àmọ́ iná ń lọ níbẹ̀ bí ó ṣe ń lọ níbi gbogbo, ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì gbọ́dọ̀ lè dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ìdí kan nìyẹn tí sáfà àti VM kì í fi í gba àdírẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ DHCP: bí sáfà bá jí ṣáájú router, kò ní rí ẹni tó máa fún un ní nọ́ńbà, tàbí kó gba òmíràn tí kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ ò mọ̀. Kí VM kọ̀ọ̀kan ní àmì lórí Start at boot. Kí router àti switch wà lórí inverter kan náà pẹ̀lú sáfà, torí sáfà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn switch tó ti kú ò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Lórí ọ̀pọ̀ managed switch, ohun tí wọ́n bá tò á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ inú mẹ́mórì tí iná ń pa rẹ́ ló wà títí wọ́n á fi tẹ save. Ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí iná bá wá lọ tí inverter sì tán, switch á jí bí ọmọ tuntun: gbogbo port á padà sí VLAN 1, sáfà á sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́.

Bí nǹkan kan kò bá lọ, àdírẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ máa ń sọ ibi tí àṣìṣe wà. Kọ̀ǹpútà tó bá fún ara rẹ̀ ní 169.254 kò rí DHCP, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n gbàgbé láti fi nọ́ńbà VLAN rẹ̀ kún trunk. Bí ó bá rí gateway tí kò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wò ó bóyá NAT mọ agbègbè yẹn. Bí ó bá ń lọ tó sì ń dáwọ́ dúró láìnídìí, ẹ̀rọ méjì lè máa jìjà du àdírẹ́ẹ̀sì kan. Lórí sáfà, bridge vlan show á fi VLAN tí ojú ihò kọ̀ọ̀kan gbà hàn, tcpdump -nn -e -i eno1 vlan á sì fi àmì tó ń kọjá lórí wáyà hàn ní tààràtà.

Kí wọ́n tó kó fáìlì aláìsàn kankan sórí rẹ̀, kí wọ́n pa iná gbogbo rẹ̀ pátápátá, kí wọ́n tàn án padà, kí wọ́n sì jókòó ti láptọ́ọ̀pù lórí VLAN 20 láì fọwọ́ kan nǹkan kan, títí sọ́fítíwíà yóò fi ṣí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gba ẹ̀dà ètò router, ti switch àti fáìlì interfaces, kí wọ́n sì tọ́jú wọn síbi tí kì í ṣe orí sáfà náà.