Ẹ Fọwọ́ Kí A Tó Gún Ìka Yín

Mo ti sọ ọ́ ní yàrá àyẹ̀wò wa ní Kàbbà títí ó fi sú mi. Èèyàn á wọlé, á na ìka sí mi fún àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, á ní kí n ṣe kíá, ọkọ̀ Ìsánlú ti fẹ́ kún. Tí mo bá ní kó lọ fọwọ́, á fajúro bí ẹni tí mo bú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Leland Clark, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1918, mọ ohun tí ìdọ̀tí ń ṣe. Ó fẹ́ wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Irin pilatínọ́ọ̀mù lè wọ̀n ọ́n, àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan irin náà, purotéènì á bò ó, kò ní í sọ òótọ́ mọ́. Clark bá fi ọ̀rá ike tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó: ọ́síjìn ń kọjá, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kàn án. Ní 1962, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Champ Lyons kọ̀wé pé a lè há ẹ́ńsáìmù, èròjà kan tó ń jẹ ṣúgà, mọ́ ibẹ̀. Bó ṣe ń jẹ ṣúgà ló ń lo ọ́síjìn. Bí ọ́síjìn ṣe dín kù ni a fi mọ iye ṣúgà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tí ẹ ń rà fún ìyá yín ti ṣẹ̀. Clark kú ní 2005, ọdún tó gba ẹ̀bùn Russ, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ.

Ẹ́ńsáìmù yẹn kì í béèrè ibi tí ṣúgà ti wá, ìbáà jẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tàbí ara ìka. Spíríìtì nìkan kò tó, omi àti ọṣẹ ni, kí ọwọ́ sì gbẹ. Ooru àti ọ̀rinrin sì ń bà á jẹ́. Síbẹ̀ ẹ ń lọ bá àwọn alágbo ẹ̀bá ọjà tí wọ́n ṣí agolo sítíríìpù, pélébé tí ẹ́ńsáìmù náà wà lára rẹ̀, sílẹ̀ nínú oòrùn! Ẹlòmíì ní èèrà ni àyẹ̀wò tòun, tó bá ti bo ìtọ̀, àtọ̀gbẹ dé. Èèrà mélòó ni 126, iye ṣúgà tí a fi ń mọ àtọ̀gbẹ láàárọ̀ kí èèyàn tó jẹun?

Ìyá kan wà tó ń bó ọsàn tà lẹ́bàá títì. Ọmọ rẹ̀ ti Àbújá dé, ó gún un níka nídìí àtẹ, ẹ̀rọ kọ 380. Àyà ọmọ já, ó sọ oògùn àtọ̀gbẹ ìyá di ìlọ́po méjì, ó tún fi àgbo lé e. Kílẹ̀ tó mọ́, ìyá ti ń làágùn, kò dá ọmọ mọ̀ mọ́. Àwọn ará ilé ní wọ́n ń ṣe é ni, wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ síbi àdúrà. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo fọ ìka rẹ̀, mo gún un: 34, ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù. Dókítà sáré fi gúlúkóòsì sí i lára, orí ló yọ ọ́.

Ọmọ ní ayédèrú ẹ̀rọ ni wọ́n tà fún òun. Mo ti fi ẹ̀rọ náà wo ìka tí mo fọ̀ yẹn kí wọ́n tó fi gúlúkóòsì sí i: 36 ló kọ.