Fítò: ohun tí Ààrẹ Amẹ́ríkà lè kọ̀, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, Ronald Reagan, Ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ̀ láti buwọ́ lu àbá òfin kan tí ilé aṣòfin méjèèjì ti fọwọ́ sí. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti Gúúsù Áfíríkà ni àbá náà dojú kọ. Ó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà má kó owó tuntun lọ dá òwò síbẹ̀ mọ́, kí èédú àti irin wọn má wọ Amẹ́ríkà, kí bàálù South African Airways má sì balẹ̀ síbẹ̀. Reagan ní àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀ gan-an ni ìyà náà máa jẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn kan náà, ilé aṣojú-ṣòfin tún ìbò dì, 313 gbà, 83 kọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, ilé aṣòfin àgbà náà dìbò tiwọn, 78 sí 21. Àbá náà di òfin láìsí ìbuwọ́lù Ààrẹ lórí rẹ̀.

Ohun tí Reagan lò yẹn ni wọ́n ń pè ní fítò: agbára tí Ààrẹ ní láti dá àbá òfin padà fún àwọn tó ṣe é. Abala kìíní, ìpín keje, ìwé òfin tí wọ́n kọ ní Philadelphia lọ́dún 1787 ló fún un. Àwọn tó kọ ìwé òfin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Tí ẹ bá ka ìkéde òmìnira wọn ti 1776, ẹ̀sùn tí wọ́n kọ́kọ́ kà sí Ọba George lẹ́sẹ̀ ni pé ó ń kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin rere tí àwọn ará ìlú nílò. Ìyà yẹn ò tíì tán lára wọn. Nígbà tí méjì nínú wọn, James Wilson àti Alexander Hamilton, wá dábàá pé kí Ààrẹ tuntun náà ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, pé tó bá ti ní rárá kí ẹnikẹ́ni má lè yí i, àwọn yòókù kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò balẹ̀ sí àwọn aṣòfin náà. Ilé aṣòfin tí kò sí ẹni tó lè dá a dúró lè hùwà ju ọba lọ. Wọ́n wá fún Ààrẹ ní "rárá" tó ṣe é borí, àmọ́ tí kò rọrùn láti borí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Tí àbá òfin bá ti gba ilé méjèèjì kọjá, wọ́n á gbé e lọ bá Ààrẹ. Ọjọ́ mẹ́wàá ló ní, wọn kì í ka ọjọ́ Sunday mọ́ ọn. Bó bá buwọ́ lù ú, ó di òfin. Bí kò bá fẹ́ ẹ, á dá a padà sí ilé tó ti kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú ìwé tó sọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú rẹ̀. Ilé náà gbọ́dọ̀ kọ àwọn ìdí yẹn sínú àkọsílẹ̀ ìjókòó wọn, kí wọ́n sì tún àbá náà gbé yẹ̀wò. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò ní ilé kọ̀ọ̀kan bá ṣì fẹ́ ẹ, òfin ni, Ààrẹ ìbáà gbà, ìbáà kọ̀. Ariwo "bẹ́ẹ̀ ni" lásán kò tó fún ìbò yìí o. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sílẹ̀, pé lágbájá gbà, pé làkásègbè kọ̀. Mo fẹ́ràn apá yẹn púpọ̀. Aṣòfin tó bá yí ohùn padà láàárín ìbò àkọ́kọ́ àti èkejì, àwọn tó rán an níṣẹ́ á rí i kedere.

Tí Ààrẹ bá dákẹ́ ńkọ́? Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé tí kò buwọ́ lù ú, tí kò sì dá a padà, àbá náà di òfin fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn aṣòfin bá ti parí ìjókòó wọn lọ sílé kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, dídákẹ́ Ààrẹ á pa àbá náà, nítorí kò sí ẹni tó máa dá a padà fún. Fítò inú àpò nìyẹn: bí ẹni pé Ààrẹ ki ìwé náà bọ àpò, tó ń bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ìbò kankan tó lè borí rẹ̀. Àfi kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀, nítorí inú ìṣirò ni agbára fítò wà. Sẹ́nétọ̀ 100 ló wà ní ilé aṣòfin àgbà. Bí gbogbo wọn bá dìbò, 67 ló máa borí fítò. Ìyẹn ni pé bí 34 péré bá dúró ti Ààrẹ, ó parí. Àwọn 66 tó kù kò lè ṣe nǹkan kan, kódà bí gbogbo àwọn 435 tó wà ní ilé aṣojú-ṣòfin bá fẹnu kò pẹ̀lú wọn. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló sì pín ilé wọ̀nyí mọ́ra wọn lọ́wọ́, ó ṣòro kí ẹgbẹ́ Ààrẹ má ní ìdá kan nínú mẹ́ta níbì kan. Ìdí nìyẹn tí ti 1986 fi ṣàjèjì. Ẹgbẹ́ Republican ti Reagan fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù ní ilé aṣòfin àgbà nígbà náà, 31 nínú wọn ló sì dìbò takò ó. Richard Lugar, alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, wà lára wọn.

George Washington ló kọ́kọ́ lo fítò, lọ́dún 1792, lórí bí wọ́n ṣe pín ìjókòó ilé aṣojú-ṣòfin fún àwọn ìpínlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lò ó nínú ọdún mẹ́jọ. Thomas Jefferson kò lò ó rárá. Ohun tí àwọn Ààrẹ ìgbà yẹn sábà máa ń dì mú ni pé àbá náà ta ko ìwé òfin. Andrew Jackson ló yí ìyẹn padà. Lọ́dún 1832, ó dá àbá tó fẹ́ fi kún ọjọ́ orí báńkì ìjọba àpapọ̀ padà. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìwé òfin, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn olówó ni báńkì náà ń bù fún. Àwọn aṣòfin kò rí i borí, àwọn olùdìbò sì tún yan Jackson lọ́dún yẹn kan náà. Láti ìgbà náà ni Ààrẹ ti lè sọ pé òun kò fẹ́ àbá kan nítorí pé kò dára lójú òun.

Andrew Johnson, tó gbapò Abraham Lincoln, kò ríre nídìí tirẹ̀. Àbá òfin ọdún 1866 sọ pé ọmọ onílẹ̀ ni àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, pé wọ́n lè ra ilẹ̀, kí wọ́n sì pe ẹjọ́ bíi ti òyìnbó. Johnson dá a padà. Àwọn aṣòfin borí rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n borí fítò Johnson, kò sì tíì sí Ààrẹ tí wọ́n ṣe é fún tó bẹ́ẹ̀. Franklin Roosevelt, ní tirẹ̀, lo fítò ní ìgbà 635, mẹ́sàn-án péré ni wọ́n rí borí.

Nǹkan kan wà tí fítò kò lè ṣe, òun ló sì máa ń dun àwọn Ààrẹ jù. Ààrẹ kò lè mú pẹ́ńsù kó fagi lé ìlà kan nínú àbá òfin, kó wá buwọ́ lu ìyókù. Àwọn aṣòfin mọ èyí, wọ́n sì máa ń fi ohun tí Ààrẹ kò lè gbà sínú ohun tí kò lè kọ̀, pàápàá nínú ìwé ìnáwó. Lọ́dún 1996, àwọn aṣòfin fúnra wọn ṣòfin tó fún Ààrẹ láyè láti máa yọ ìnáwó kan kúrò lẹ́yìn tó bá ti buwọ́ lu odindi. Bill Clinton lò ó lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìlú New York gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lórí owó ìtọ́jú aláìsàn tí wọ́n yọ, nígbà tó sì di oṣù kẹfà ọdún 1998, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé òfin náà, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta. Wọ́n ní ẹni tó bá yọ apá kan nínú òfin ti ń ṣòfin tuntun, iṣẹ́ Ààrẹ sì kọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ gómìnà ìpínlẹ̀ lọ́hùn-ún ní irú àṣẹ yìí nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ wọn, Ààrẹ ni kò ní in.

Ẹ má fi iye ìgbà tí Ààrẹ kan lo fítò díwọ̀n agbára rẹ̀. George W. Bush lo ọdún márùn-ún lórí oyè kó tó lo ẹyọ kan, lóṣù keje ọdún 2006. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń darí ilé aṣòfin fún ọ̀pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn, ohun tó fẹ́ ló sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà míì, kí Ààrẹ kàn jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun máa dá a padà ti tó. Wọ́n á tún àbá náà kọ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Àwa náà ní Nàìjíríà mú èyí wálé nígbà tí a gba ètò ìjọba Ààrẹ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta kan náà ni ìwé òfin 1999 béèrè, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí: òfin tó dá NDDC, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, sílẹ̀ lọ́dún 2000 kọjá láìsí ìbuwọ́lù Ààrẹ Olusegun Obasanjo. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni Ààrẹ tiwa ní, dípò mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ìlà tó sọ pé àbá di òfin bí Ààrẹ bá dákẹ́ kò sí nínú tiwa. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá ní Abuja tí Ààrẹ kò fọhùn, àbá náà kò di òfin. Àwọn aṣòfin ló kù kó mọ̀ bóyá wọ́n ní ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ́wọ́.