Abẹ́rẹ́ họ́mónù ò ran jẹjẹrẹ próstéètì Bàbá mọ́: kí ló kàn?

Ó ti lé lọ́dún kan tí bàbá mi ti ń gba abẹ́rẹ́ họ́mónù ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, torí jẹjẹrẹ próstéètì tó ti dé eegun. PSA wọn (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí jẹjẹrẹ próstéètì ṣe ń ṣe hàn) wálẹ̀ dáadáa nígbà yẹn, àmọ́ ó tún ti ń gòkè. Dókítà ní abẹ́rẹ́ ò ràn án mọ́. Ṣé ó parí nìyẹn?

Kò parí o. Oògùn ṣì wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà pé abẹ́rẹ́ ò ràn án mọ́, ẹ kó àwọn ìwé àyẹ̀wò Bàbá jáde. Ẹ ó rí PSA níbẹ̀, ká ní 4, lẹ́yìn náà 9, lẹ́yìn náà 21. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n kọ testosterone, ìyẹn họ́mónù ọkùnrin tó ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí, sí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí i, torí pé wọn ò ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ló máa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn ò ju kó mú testosterone wálẹ̀. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 50 ng/dL (ìyẹn 1.7 níbi tí wọ́n ti ń lo nmol/L), tí PSA sì ń gòkè léraléra, tàbí tí àwòrán fi ojú ibi tuntun tí jẹjẹrẹ dé hàn nínú eegun, a jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti borí abẹ́rẹ́ lóòótọ́. Tí testosterone bá ṣì ga, ẹ bi ara yín bóyá abẹ́rẹ́ ń bọ́ sásìkò. Abẹ́rẹ́ oṣù kẹta tó di ti oṣù karùn-ún torí owó kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí kò ṣiṣẹ́.

Tí testosterone bá ti wálẹ̀, kí ló wá ń bọ́ jẹjẹrẹ náà?

Lọ́dún 1941 ni Charles Huggins fi hàn ní Chicago pé tí testosterone bá ti dín, jẹjẹrẹ próstéètì á rọ. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1966 torí ẹ̀. Kórópọ̀n ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú testosterone, òun náà sì ni abẹ́rẹ́ ń dá lẹ́kun. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké méjì tó jókòó sórí kíndìnrín náà ń ṣe díẹ̀. Nígbà tó bá yá, jẹjẹrẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀, bí onílé tí NEPA gé iná rẹ̀ tó lọ ra jẹnẹrétọ̀. Ó tún lè sọ ojú tó fi ń gba testosterone di púpọ̀, kí ìwọ̀nba tó kù lè tó o.

Ṣé kí Bàbá dá abẹ́rẹ́ náà dúró nígbà náà?

Rárá o. Tí testosterone bá padà wá, ńṣe ló máa ran jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Orí abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń fi oògùn tuntun lé. Tí wọ́n bá ń lo oníhóró bicalutamide mọ́ ọn, dókítà lè ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Nígbà mìíràn PSA máa ń wálẹ̀ fúngbà díẹ̀ torí pé wọ́n fi í sílẹ̀.

Oògùn wo ló wá kàn?

Ó dá lórí èyí tí Bàbá ti lò. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ nìkan, abiraterone tàbí enzalutamide ló sábà máa ń kàn. Abiraterone ń dí ọ̀nà tí orí kíndìnrín àti jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ń gbà ṣe testosterone. Wọ́n máa ń lò ó pẹ̀lú prednisolone, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ìfúnpá, potassium àti ẹ̀dọ̀ wò. Tí Bàbá bá ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà, torí ẹ̀dọ̀ yẹn náà ni. Inú òfìfo ni wọ́n ń lò ó: tí Bàbá bá jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà ní aago méje, ó di aago mẹ́sàn-án kí wọ́n tó lò ó, wọn ò sì ní jẹun títí di mẹ́wàá. Oúnjẹ máa ń sọ ìwọ̀n tó wọ ẹ̀jẹ̀ di ìlọ́po. Enzalutamide ò ní wàhálà oúnjẹ, àmọ́ ó ń fa àárẹ̀, kò sì dára fún ẹni tí wárápá ti gbé rí.

Tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti kọ̀, èkejì kì í sábà ṣe púpọ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kéèyàn ta ilẹ̀ torí ẹ̀. Docetaxel ni kí ẹ béèrè, tí ara Bàbá bá lè gbà á. Kẹ́mò ni, tí wọ́n ń fà sára lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì ti hàn láti ọdún 2004 pé ó ń fi kún ẹ̀mí. Irun á padà hù. Ibà ni kí ẹ bẹ̀rù: tí ara bá gbóná tó 38, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Cabazitaxel, kẹ́mò mìíràn, ló sábà máa ń tẹ̀ lé e.

Ẹ tún béèrè àyẹ̀wò apilẹ̀ àbùdá, pàápàá BRCA2. Tó bá ní àbùkù, oògùn olaparib lè ṣiṣẹ́, ó sì kan ẹ̀yin ọmọ náà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwọn oògùn onítànṣán, ìyẹn lutetium, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2022, àti radium-223 tó wà fún eegun, tún wà, níbi tí wọ́n bá ti ní wọn.

Owó ńkọ́?

Ẹ má takú sórí orúkọ ilé iṣẹ́ kan. Abiraterone ti wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí àjọ WHO láti 2019, àwọn ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló sì ń ṣe é. Ìwádìí kékeré kan tó jáde ní 2018 rí i pé 250 mg pẹ̀lú oúnjẹ tí kò lọ́ràá púpọ̀ mú PSA wálẹ̀ bíi 1000 mg lórí òfìfo. Ẹ bá dókítà sọ ọ́. Ẹ má dá a ṣe nílé o. Èkejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ bàbá kì í fẹ́ gbọ́ rárá: iṣẹ́ abẹ tó ń yọ kórópọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan ni, abẹ́rẹ́ sì parí títí láé. Owó abẹ́rẹ́ yẹn lè wá ra oògùn tó kàn.

Kí ni kí a máa ṣọ́ nílé?

Ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀. Jẹjẹrẹ inú eegun ẹ̀yìn lè tẹ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Tí ẹ̀yìn bá ń dun Bàbá lọ́nà tuntun, tí ẹsẹ̀ wọn ń rọ tàbí ń kú, tí ìtọ̀ ò jáde mọ́ tàbí tí wọn ò lè mú ìgbẹ́ dúró, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún yín. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ, kí wọ́n lè ya àwòrán, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí ẹsẹ̀ tó lọ pátápátá. Tí ẹ bá sì dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má kàn sọ pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Ẹ sọ pé jẹjẹrẹ próstéètì wà nínú eegun wọn, ẹsẹ̀ wọn sì ti ń rọ.