SMB ìkelòó ni kọ̀ǹpútà mi ń lò báyìí?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ṣí fódà kan lórí sáfà (server) wa, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ wọ́n ní kí n rí i dájú pé kì í ṣe SMB1 ni mò ń lò, ìyẹn ẹ̀dà àkọ́kọ́ SMB, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Sáfà yẹn ṣáà lè ṣe ẹ̀dà 3.1.1, ṣé ìyẹn ò tó ni?

Ìdáhùn: Kò tó o. Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú gan-an nìyẹn. Tí kọ̀ǹpútà yín bá ti kàn sí sáfà, gbogbo ẹ̀dà SMB tó gbọ́ ló máa kọ́kọ́ kà fún un, sáfà á wá mú èyí tó ga jù nínú èyí táwọn méjèèjì jọ gbọ́, òun ni wọ́n á sì máa bá lọ títí kọnẹ́ṣọ̀n yẹn á fi já. Torí ẹ̀ ni Windows 7, tí kò kọjá 2.1, ṣe lè wà lórí 2.1 kí Windows 10 wà lórí 3.1.1, sáfà kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Sẹ́tìn sáfà kàn ń sọ ohun tó gbà láyè ni, kọnẹ́ṣọ̀n fúnra ẹ̀ lẹ máa yẹ̀ wò.

Lórí Windows (Windows 8 tàbí Server 2012 sókè), ẹ kọ́kọ́ ṣí fódà yẹn, ẹ wá ṣí PowerShell bí administrator, kẹ́ẹ tẹ Get-SmbConnection. Ẹ wo abẹ́ Dialect, ẹ̀dà SMB ló ń sọ níbẹ̀. Tó bá fi 1 bẹ̀rẹ̀, SMB1 nìyẹn. Tẹ́ẹ bá gbàgbé láti ṣí fódà kò ní fi nǹkan kan hàn, ọ̀pọ̀ á wá rò pé kọmáǹdì ò ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ orí sáfà lẹ jókòó sí, Get-SmbSession | Select-Object ClientComputerName, Dialect lẹ máa tẹ̀, gbogbo àwọn tó wọlé pátá lẹ máa rí.

Ìbéèrè: Mac àti Linux ńkọ́?

Ìdáhùn: Lórí Mac, ẹ tẹ smbutil statshares -a nínú Terminal, ẹ wá SMB_VERSION. Lórí Linux, ẹ tẹ mount | grep cifs, ẹ wá vers=. Tó bá jẹ́ default ló kọ síbẹ̀, ẹ ṣí /proc/fs/cifs/DebugData, 0x311 tẹ́ẹ bá rí níbẹ̀, 3.1.1 ni. Tó bá jẹ́ sáfà Samba (ètò tí Linux fi ń pín fáìlì nípasẹ̀ SMB), smbstatus lẹ máa tẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi ń sá fún SMB1 tóyẹn?

Ìdáhùn: WannaCry ni, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kó tó béèrè owó. Oṣù karùn-ún 2017 ló jà, ihò inú SMB1 ló sì ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde látoṣù kẹta, àwọn tí kò fi sí i ló jìyà ẹ̀ jù. Yàtọ̀ síyẹn, SMB1 kì í pa fáìlì mọ́ lójú ọ̀nà, látorí 3.0 ni encryption (yíyí fáìlì padà sí kóòdù táwọn ẹlòmíì ò lè kà) ti bẹ̀rẹ̀. Torí ẹ̀ lèmi ò ṣe rò pé ó yẹ kẹ́nikẹ́ni ṣì fi í sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ má kàn ṣàdédé pa á o, torí printa àti scanner àtijọ́ lè ṣì fara tì í. Lórí sáfà, ẹ tẹ Set-SmbServerConfiguration -AuditSmb1Access $true, ẹ fi í sílẹ̀ fọ́jọ́ bíi mélòó kan, kẹ́ẹ tó lọ wo event 3000 nínú log (àkọsílẹ̀) SMBServer/Audit nínú Event Viewer, ẹ máa rí ẹ̀rọ tó ṣì ń fi SMB1 wọlé níbẹ̀.