Blockchain Ò Mọ̀ Bóyá Iyanrìn Wà Nínú Rọ́bà

“Orí blockchain ló wà, kò sí bí wọ́n ṣe lè parọ́ sí i.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ láàárín oṣù kan ní Ìkòròdú. Ẹni àkọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ṣábọ̀, ẹnì kejì sọ ọ́ nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìtóìkín, ẹnì kẹta sì ni àbúrò mi tó kàwé kọ̀ǹpútà, tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àbúrò mi ló dùn mí jù.

Ètò rọ́bà ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹ óò ṣa rọ́bà àti ọ̀rá omi kúrò ní gọ́tà àti etí ọ̀sà, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á kọ kílò rẹ̀ sórí blockchain, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ní ẹ̀dà rẹ̀, ẹ óò sì gba token, irú owó orí fóònù kan, sínú fóònù. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá lókè òkun á wá ra ẹ̀rí pé rọ́bà tó tó báyìí kò dé inú òkun mọ́. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tí òjò ti lé kúrò ní yàrá rẹ̀ nítorí gọ́tà tó dí kò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn fún un.

   

Ẹ jẹ́ ká fi káàdì alájọ ṣàlàyé bí blockchain ṣe ń ṣiṣẹ́. Alájọ dé lónìí, ẹ san owó, ó fa ìlà. Ẹ wá rò ó pé gbogbo ọjà ló ní ẹ̀dà káàdì gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, pé ojú ewé ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ní àmì ìka ojú ewé ọjọ́ Ajé lára. Ẹni tó bá lọ pa ìlà ọjọ́ Ajé rẹ́ ní kọ̀rọ̀, àmì kò ní bára mu mọ́, gbogbo ọjà á sì mọ̀. Ohun tí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé jáde lọ́dún 2008 nìyẹn, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 2009. Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò jiyàn.

Àmọ́ káàdì ò mọ ohun tó wà nínú àpò alájọ. Bí alájọ bá fa ìlà láìgba owó, ìlà irọ́ náà á wà nínú gbogbo ẹ̀dà, á bára mu régérégé.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo dúró sí ibi tí wọ́n ti ń wọn rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èbúté Ìpakodò. Òṣùwọ̀n wọn ni irú èyí tí wọ́n máa ń gbé kọ́, tó ní ìkọ́ nísàlẹ̀. Ọmọkùnrin kan gbé àpò ìrẹsì kan dé, wọ́n fi kọ́, ó fi 14 kílò hàn. Obìnrin tó wà nídìí òṣùwọ̀n ò kọ nǹkan kan. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpò náà, omi sì sun jáde nídìí rẹ̀.

“Dà á sílẹ̀.”

Ọmọ náà dà á sílẹ̀. Omi wà nínú ọ̀pọ̀ rọ́bà náà, wọ́n sì dé ìdérí wọn pinpin. Iyanrìn odò ló wà nínú mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n dà á nù tán, kílò 9 ló kù.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, òjò ló rọ̀ sí i.”

“Òjò náà ló bá ẹ dé e ní ìdérí?”

Ká ní obìnrin yìí ò sí níbẹ̀ ńkọ́? Tàbí ká ní òun àti ọmọ náà ti jọ ṣe é? 14 ni wọn ì bá tẹ̀ sínú fóònù. Kílò 5 omi àti iyanrìn á wà lórí blockchain títí ayé, ẹnikẹ́ni ò ní lè pa á rẹ́, iléeṣẹ́ kan ní Jámánì á sì fi gba ìwé-ẹ̀rí. Àwọn oníṣẹ́ náà ní orúkọ fún ẹnu ọ̀nà tí ìròyìn ayé ń gbà wọlé sórí blockchain: oracle ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé Ifá ni. Ifá tiẹ̀ máa ń ní babaláwo tí ẹ lè bi léèrè.

Àbúrò mi ní wọ́n á ya fọ́tò sí i. Ó dáa, fọ́tò àpò. Ṣé fọ́tò ń rí iyanrìn nínú rọ́bà tó dọ̀tí? Ó ní fóònù á fi ibi tí wọ́n wà hàn. Ibi tí fóònù wà ni, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ṣa rọ́bà. Ó ní wọ́n á lo òṣùwọ̀n tó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ta ló ń yẹ òṣùwọ̀n ọ̀hún wò? Ta ni kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé àpò tí wọ́n ti wọ̀n ní Ìpakodò lọ wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i ní Ìjẹdẹ́? Gbogbo ìdáhùn rẹ̀, ṣe ló kàn ń ti ènìyàn sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan. Ènìyàn ọ̀hún ò kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àpò ìrẹsì lásán ni kó wo ọjà kábọ́ọ̀nù, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń ra ìwé-ẹ̀rí pé ẹlòmíràn ti dín èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ kù. Lọ́dún 2021, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé-ẹ̀rí kábọ́ọ̀nù ti Verra, àjọ kan tó ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ orí blockchain, tí wọ́n ń sọ ọ́ di token. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ ti àwọn iṣẹ́ àtijọ́ tí àwọn olùrà mìíràn ti ń yẹra fún. Ní oṣù Karùn-ún 2022, Verra ní kí wọ́n má fi ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ti lò tán dá token sílẹ̀ mọ́. Ẹja tó ti rà kì í tutù nítorí pé ẹ gbé e sínú fìríìjì tuntun.

Ewu mìíràn wà. Kóòdù tó ń pín owó lè ní ihò: ní oṣù Kẹfà 2016, ẹnì kan gba ihò kan kó ether, owó orí blockchain tí wọ́n ń pè ní Ethereum, tó tó mílíọ̀nù 3.6 nínú àpò owó àjọdá tí wọ́n ń pè ní The DAO. Àwọn ará Ethereum yí àkọsílẹ̀ padà láti gba owó náà, àwọn tí kò gbà sì dúró sórí àkọsílẹ̀ àtijọ́, tí wọ́n wá ń pè ní Ethereum Classic. “Kò ṣeé yí padà” náà ní bó ṣe ń yí. Ewu tún wà bí wọ́n bá kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ tó ń ṣa rọ́bà sórí blockchain. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 fún ènìyàn láyè láti ní kí wọ́n pa ìsọfúnni òun rẹ́. Ẹ wá lọ pa á rẹ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe kó má baà ṣeé parẹ́.

Mi ò sọ pé kò wúlò o. Níbi tí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò fọkàn tán ara wọn bá ti jọ ń ṣòwò, ó ṣeé ṣe kó dín ìjà kù. Ó sì ṣeé ṣe kí ìwé àkọsílẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún dáadáa tó fún kílò 9. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń náwó.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí ẹ tó lè ṣa rọ́bà, ẹ rántí oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ àṣírí 12 tí wọ̀lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àpò token inú fóònù, bá fún yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹni tó bá yín ṣí i. Kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ token náà sí náírà lónìí, kì í ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí n tó kúrò ní Ìpakodò, mo bi obìnrin yẹn bóyá ó mọ ibi tí nọ́ńbà tó ń tẹ̀ sínú fóònù ń lọ. Ó ní òun ò mọ̀, pé ti òun ni kí wọ́n yéé da omi sí òun lẹ́sẹ̀.