Ọmọ Yorùbá òkè-òkun nínú ìtàn àròsọ

Àwọn ìwé ìtàn àròsọ kan dá lórí ọmọ tí òbí rẹ̀ ṣí láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Bìrìtéènì tàbí Amẹ́ríkà, tí ó sì dàgbà sí àárín àwọn òyìnbó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni àwọn òǹkọ̀wé náà ti jáde. Ọmọ inú ìwé wọ̀nyí kì í sábà mọ ilé débi tí àárò rẹ̀ yóò fi sọ ọ́. Ohun tó máa ń dà á láàmú ni pé apá kan ara rẹ̀ wà níbòmíràn.

The Icarus Girl ti Helen Oyeyemi ló fi èyí hàn jù. Wọ́n bí Oyeyemi ní 1984. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló ṣì wà tó kọ ìwé náà, ó sì jáde ní 2005. Jessamy Harrison, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló dá lé: ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Nígbà tí wọ́n mú un wá sílé, bàbá ìyá rẹ̀ pè é ní Wúràọlá. Ọmọ náà dúró sójú kan, kò mọ̀ bóyá kí òun dáhùn. Nínú ọgbà ilé yìí ló ti pàdé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títíọlá. Ahọ́n Jessamy kò gbé orúkọ náà, ló bá sọ ọ́ di TillyTilly. Ẹlòmíràn kì í rí ọ̀rẹ́ yìí. Ó tẹ̀ lé Jessamy dé Bìrìtéènì, òun ló sì tú àṣírí tí àwọn òbí fi pamọ́: ìbejì ni wọ́n bí i, èkejì rẹ̀, Fern, ló kú nígbà ìbí. Wọn kò gbẹ́ ère ìbejì fún un. Òyìnbó lè ka èyí sí ẹ̀ṣọ́ ìtàn lásán, ṣùgbọ́n òǹkàwé tó mọ àṣà ìbejì á rí i pé gbèsè ńlá ni. Bóyá àbíkú ni TillyTilly tàbí èrò ọkàn ọmọ tó dá wà, Oyeyemi kò sọ.

Ìbejì tún wà nínú Lara (1997), ìtàn tí Bernardine Evaristo fi ewì kọ. Táíwò, bàbá Lara, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1949, ó fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìdílé Àgùdà tó padà wá láti Bùràsíìlì ni wọ́n, nítorí náà nígbà tí Lara dàgbà tó ń wá orírun rẹ̀, Nàìjíríà nìkan kò tó; ó ní láti dé Bùràsíìlì náà.

Some Kind of Black (1996) ti Diran Adebayo gba ọ̀nà mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ Oxford ni Délé. Bàbá rẹ̀ le koko nílé, ọlọ́pàá sì le jù ú lọ níta. Dàpọ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá fìyà jẹ wọ́n, ó dákú lọ gbọnrangandan, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ sì ń du ọ̀ràn náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ti Amẹ́ríkà ni A Particular Kind of Black Man (2019) ti Tope Folarin, òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Caine fún ìtàn kúkúrú ní 2013. Ìpínlẹ̀ Utah, níbi tí aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ sí, ló ti bẹ̀rẹ̀. Àìsàn ọpọlọ mú ìyá Túndé Akínọlá, ó sì padà sí Nàìjíríà. Bàbá fẹ́ ìyàwó mìíràn láti ilé. Túndé a máa sín àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n jẹ kí ohùn rẹ̀ lè dà bíi tiwọn. Nígbà tó yá, ìrántí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di méjì méjì, kò mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ tún wà lọ́tọ̀. Láti àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé tó tún ń ṣiṣẹ́ ní Bìrìtéènì ló ń sanwó fún ìdílé òyìnbó kí wọ́n bá wọn tọ́ ọmọ fún ìgbà díẹ̀, èyí tó sì máa ń di ọdún gbọọrọ. Nínú fíìmù The Last Tree (2019) ti Shola Amoo, ara tu Fẹ́mi lọ́dọ̀ Mary ní Lincolnshire kí ìyá rẹ̀ tó wá mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìyá gan-an ti dà bí àjèjì lójú rẹ̀. Ìgbésí ayé ara rẹ̀ ni Adewale Akinnuoye-Agbaje gbé fíìmù Farming (2018) kà: ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ ní Tilbury, tó wá di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn jàǹdùkú òyìnbó tó kórìíra aláwọ̀ dúdú.